Bí ẹ ṣe lè ṣe pápá ìdènà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sì fi kọ́ ara láti orí dé ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ ibùdó àgùnbánirọ̀ ní Ìsẹ́yìn rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọjọ́ kan á wà tí àwọn Man O' War máa kó gbogbo yín lọ síbi okùn, pákó àti kòtò, wọ́n á ní kí ẹ gùn, kí ẹ rá, kí ẹ fò. Ẹ̀rín á pọ̀, fọ́tò á pọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, kálukú á máa di itan mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tán síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó lè tún gbogbo ara èèyàn ṣe, a fi ṣe fàájì ọjọ́ kan.

Nílé wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ò kẹ̀rẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń yí pápá po. Ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n dáadáa: ọ̀nà kan ṣoṣo lara wọn mọ̀, ìyẹn iwájú. Ẹ ní kí wọ́n rọ̀ mọ́ irin fún ìdajì ìṣẹ́jú, ọwọ́ á já. Wọ́n fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ báyìí, orúnkún á tẹ̀ sínú, ibẹ̀ sì ni "Kóòṣì, orúnkún mi o" ti ń bẹ̀rẹ̀. Pápá ìdènà, ìyẹn ibi okùn, pákó àti kòtò bí irú èyí tí mo sọ ní Ìsẹ́yìn, ń tọ́jú gbogbo ìyẹn pọ̀. Kò gba jímù, kò sì gba owó rẹpẹtẹ. Ilẹ̀, pákó, táyà àti okùn ni, pẹ̀lú làákàyè ẹni tó máa tò wọ́n. Làákàyè yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì jù, torí kì í ṣe gíga ògiri ló ń kọ́ ara. Bí ìdènà ṣe tẹ̀ léra ló ń kọ́ ọ.

Ibi tó ti ṣẹ̀

Ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé kan, Georges Hébert, tí wọ́n bí ní 1875, wà lára àwọn tó sọ irú eré yìí di ẹ̀kọ́ gidi. Ó pín ohun tó yẹ kí ara èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe sí mẹ́wàá: rírìn, sísáré, fífò, fífi ọwọ́ àtẹsẹ̀ rìn bí ẹran, gígun nǹkan, dídúró lórí ohun tóóró láìṣubú, jíju nǹkan, gbígbé ẹrù, ìjà láti gba ara ẹni, àti lílúwẹ̀ẹ́. Ohun tó ń lé ni kéèyàn lágbára kó lè wúlò. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ jẹ́ ká fi lílúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ná, ta ló fẹ́ wa odò fún wa? Ní ti ìjà, ìjàkadì wa ti tó.

Àwọn ológun ò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìdíje pentathlon (eré márùn-ún tí ẹnì kan náà ń ṣe pọ̀) ti àwọn ọmọ ogun àgbáyé, 500 mítà ni àwọn ọkùnrin máa ń sá, ogún ìdènà ló sì wà lójú ọ̀nà. Ní báyìí, ó ti dé Òlíńpíìkì. Modern pentathlon, tó ti wà níbẹ̀ láti 1912, yọ ẹṣin gígùn kúrò lẹ́yìn Paris 2024. Ìdènà ló máa rọ́pò rẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 2028. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 2021 wà lára ohun tó tì í débẹ̀: ẹṣin kan kọ̀, kò fò, olùkọ́ni kan láti Jámánì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, ọmọ tó bá mọ pápá ìdènà lónìí kò kàn ń ṣeré lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀

Ìdajì pápá bọ́ọ̀lù tó yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé girama láàárín ìgboro wa ló ní ilẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì tó jẹ́ pé koríko nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ẹ máa fi bẹ̀ ẹ́: ẹ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa lo pápá náà fún eré ìdárayá tiwọn. Ẹ kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀. Wọ́n lè gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíràn, kí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní kí ẹ wá hú igi yín.

Ilẹ̀ wa máa ń tan èèyàn jẹ. Ní oṣù Kẹfà, ó rọ̀, koríko bò ó. Tó bá fi máa di oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ dé, ilẹ̀ pupa yẹn ti le gbagidi, òkúta wẹ́wẹ́ ti yọjú. Ibikíbi tí èèyàn á ti fò balẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ, kí ẹ sì da yanrìn odò sí i kó jinlẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Yanrìn múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ò dáa fún un, tí òjò bá ti pa á, ṣe ló máa ki pọ̀. Bí owó tíípà bá wọ́n, ẹ lè da lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ tú u wò, ìṣó àti ẹ̀rún igi ṣóńṣó máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni méjì gbé àpò, kí wọ́n rin gbogbo ilẹ̀ náà já, kí wọ́n ṣa ìgò, ìṣó àti abẹ fẹ́lẹ́ kúrò.

Ohun èlò

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà lẹ ti máa rí táyà ògbólógbòó, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ níí gbowó. Ti ọkọ̀ kékeré ni kí ẹ mú. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ tó máa dojú kọlẹ̀ kí omi òjò má bàa dúró, torí bí omi bá dúró nínú táyà, ilé ẹ̀fọn lẹ kọ́ yẹn. Kẹ́nikẹ́ni tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ fi igi gbọ̀n ọ́n. Àkeekèé fẹ́ràn inú táyà gan-an.

Ní ti òpó, igi arère ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín nítorí pé ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ẹ má gbà á fún ohun tó máa wọ ilẹ̀, oúnjẹ ikán ni. Apá tàbí ìrókò ló ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Bí apá yín ò bá ká a, òpó tíìkì dáa, ó sì dínwó. Ẹni tó ń ta pákó lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, arère yìí náà á ṣe é." Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ tún béèrè tíìkì. Ẹ fi ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán kun apá ibi tó máa wọ ilẹ̀ nìkan, kí ẹ má kùn ún débi tí ọwọ́ máa ń dì mú. Bí òpó bá máa ga tó mítà kan ààbọ̀ lókè, kí ó wọlẹ̀ tó 75 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi kọnkéré dì í.

Bótì tó la igi kọjá ni kí ẹ fi so nǹkan, kì í ṣe ìṣó. Ìṣó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń fì lórí igi. Ní ti okùn tí èèyàn máa gùn, kó nípọn tó ínṣì kan ààbọ̀, kó sì jẹ́ èyí tó kún ọwọ́. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi kànga á ya àtẹ́lẹwọ́ ni. Ohun tó kù ni pé ẹ ò gbọdọ̀ to bùlọ́ọ̀kù lórí ara wọn láìsí sìmẹ́ǹtì kí ẹ wá pè é ní ògiri. Lọ́jọ́ tó bá wó lu ẹsẹ̀ ẹnì kan, pápá yín tì pa nìyẹn.

Ìdènà mẹ́jọ

Bí mo ṣe máa tò wọ́n rèé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á tó 150 mítà.

1. Táyà mẹ́wàá ní ìlà méjì. Ẹsẹ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí orúnkún lọ sókè, kí ẹsẹ̀ yá.
2. Irin ìrọ̀mọ́, tí èèyàn á fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi kọjá. Páìpù mẹ́jọ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó 35 sẹ̀ǹtímítà, kó ga tó mítà 2.2 sílẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́, kó já sínú yanrìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì jìnnà sílẹ̀.
3. Kòtò tí kì í ṣe kòtò. Ẹ tẹ́ okùn méjì sílẹ̀, kí wọ́n fi mítà kan ààbọ̀ jìnnà síra, kí yanrìn wà lódì kejì. Kálukú á fo àárín wọn kọjá. Bí ara bá ṣe ń le, ẹ jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ jìnnà síra.
4. Ògiri pákó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan mítà 1.2, ìkejì mítà 1.5. Kálukú á mú èyí tí agbára rẹ̀ gbé.
5. Ìrákò. Okùn tí ẹ ta ní 50 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ fún mítà mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe wáyà ẹlẹ́gùn-ún. A ò lọ sógun.
6. Pákó tóóró. Mítà mẹ́rin ní gígùn, 10 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀.
7. Ẹrù. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà: bí omi bá kún un, kìló 25 ló máa wọ̀n, bó bá dé ìdajì, ó lé díẹ̀ ní 12. Ogójì mítà, kí ẹ̀yìn nàró.
8. Ọgbọ̀n mítà eré àsápajúdé.

Okùn tí èèyàn máa gùn ò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ẹni tó ti rẹ̀, tó wá gun okùn, bó bá já, kì í ṣe kékeré. Ẹ so tiyín mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó nípọn, tó tutù, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ìlú wa ò ṣàìní máńgòrò. Kí ẹni mẹ́ta rọ̀ mọ́ okùn náà lẹ́ẹ̀kan náà nísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa lò ó.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ pápá ti ń kùnà. Wọ́n á kó gbogbo nǹkan tó ń fa ọwọ́ síbì kan, gbogbo nǹkan tó ń fa ẹsẹ̀ síbì kejì. Ẹni tó bá dé ìdènà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti kú, ó wá ń fi agídí ṣe èyí tó kù. Kò sí ohun tí ara kọ́ níbẹ̀ ju ìyà lọ.

Ẹ wo ìtò òkè yẹn. Ohun tí èèyàn lè já bọ́ látorí rẹ̀, irin àti ògiri, sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì tutù. Kẹ́ẹ̀gì tó ń jẹ ìdìmú ọwọ́ jìnnà sí irin. Ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú táyà, ọwọ́ gbà á lórí irin, ẹsẹ̀ tún gbà á padà níbi kòtò. Ògiri pe gbogbo ara, ìrákò wá dọ̀bálẹ̀ fún ikùn àti èjìká. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà kan ń sinmi nígbà tí ìkejì ń ṣiṣẹ́, ọkàn nìkan ni kò ráyè sinmi. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń lágbára láìjẹ́ pé a sáré gígùn.

Pákó tóóró wá ńkọ́? Ẹ lè rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ ẹ́, nígbà tí orí ṣì pé. Rárá o. Ẹ fi í sẹ́yìn ìrákò, níbi tí èémí ti ń ṣe gùdù-gùdù. Ẹ dúró ti ẹnì kan níbẹ̀, kí ẹ máa wò ó: èjìká rẹ̀ á gòkè, ojú rẹ̀ á máa wá ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ìṣísẹ̀ kẹta, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pákó, kó mí síta lẹ́ẹ̀mejì, kó pẹ́ díẹ̀ lórí mímí náà, kó sọ èjìká kalẹ̀, kó tẹjú mọ́ òpin pákó, kó wá rìn. Á rìn ín já. Ohun kan náà ló máa ràn án lọ́wọ́ bó bá dúró níwájú bọ́ọ̀lù pẹ̀nátì ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ tú u tò. Ẹ gbé ẹrù síwájú ìrákò, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n sá a láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kí irin máa wà níbi tí ọwọ́ ò tíì rẹ̀. Ara kì í pẹ́ mọ ọ̀nà. Bó bá ti mọ̀ ọ́n tán, á máa ṣe é bí ẹni ń lọ sọ́jà, èrè rẹ̀ á sì máa dín kù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fò, kó kọ́ bí a ṣe ń balẹ̀

Mi ò ní jẹ́ kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n balẹ̀ sún mọ́ ògiri, ì báà jẹ́ ọba eré sísá. Bùlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án kan ti tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Bí ẹ bá fi í lélẹ̀, ó ga tó 23 sẹ̀ǹtímítà. Kí onítọ̀hún dúró lé e lórí, kó rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, gìgísẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìbàdí sún sẹ́yìn, orúnkún ká, kí orúnkún sì máa wo ibi tí ìka ẹsẹ̀ ń wò. Bó bá tẹ̀ sínú, ẹ dá a dúró.

Etí ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò. Bí ẹ bá gbọ́ "gbì," kò tíì mọ̀ ọ́n. Bó bá balẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ológbò, ó kù kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì láìta gọ́ọ́gọ́ọ́. Bó bá ti ṣe é dáadáa léraléra, ẹ lọ sórí ohun tó ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà, bí àga tó dúró gbọin. Ẹ má gbé bùlọ́ọ̀kù náà nàró, ó lè dojú dé. Lẹ́yìn náà, kó fò síwájú, kó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí èyí máa wà nínú ẹ̀kọ́. Wọ́n á kùn, wọ́n á ní eré ọmọdé lẹ ń kọ́ àwọn. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ògiri

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò mọ́ ògiri pẹ̀lú àyà. Kí wọ́n sáré díẹ̀ wá, kí ìṣísẹ̀ ìkẹyìn gun ara ògiri ní ibi tó ṣe déédéé ìbàdí, kí ẹsẹ̀ náà tì wọ́n sókè. Ẹsẹ̀ ló gbé wọn dókè. Ọwọ́ méjèèjì á di orí pákó mú, ìgbọ̀nwọ́ á sún mọ́ ara, àyà á kọjá orí ògiri, ọwọ́ á wá ti ara sókè bí ẹni ń dìde lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ kan á rékọjá, ìkejì á tẹ̀ lé e.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kí wọ́n yíjú sí ògiri, kí wọ́n fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ orí rẹ̀ títí ara á fi nà tán, kí wọ́n tó já ọwọ́ sílẹ̀. Ògiri mítà kan ààbọ̀ wá di ohun tí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí ògiri, tó bẹ́ sílẹ̀ torí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó, kó lọ jókòó fún ìyípo kan.

Okùn

Àwọn tó ń kọ ọ̀pẹ ti mọ àṣírí yìí tipẹ́tipẹ́: ẹsẹ̀ ló ń gun ọ̀pẹ, ọwọ́ pẹ̀lú igbà kàn ń di ibi tí ẹsẹ̀ dé mú ni. Bẹ́ẹ̀ ni okùn rí. Kí okùn gba ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀, kó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ òsì wá gbé e sókè, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Okùn ti há nìyẹn, èèyàn lè dúró lé e. Kí ọwọ́ lọ sókè, kí orúnkún ká wá sí àyà, kí ẹsẹ̀ tún há okùn, kí ẹni náà dìde dúró. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí ìjókòó. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa fi ọwọ́ kan lé ọwọ́ kan. Ẹni tó bá fà wálẹ̀ wàràwàrà, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á kù sórí okùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ méjì wà láàárín. Kí aago méje tó lù láàárọ̀ ló dáa jù fún ojú ọjọ́ tiwa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ mú ara gbóná: ẹ rìn, ẹ sáré pẹ́lẹ́, ẹ yí èjìká àti ìbàdí, ẹ lóṣòó kí ẹ dìde, ẹ fi ọwọ́ àtẹsẹ̀ rìn lọ kí ẹ rìn bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: kò sí aago. Ìdènà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó dáa lójú.

Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: ẹ pín pápá sí méjì. Ìdènà mẹ́rin, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, mẹ́rin tó kù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: ọjọ́ méjèèjì á yàtọ̀ síra. Ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti agbára àti eré: gbogbo pápá pẹ̀lú ipá, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ìyípo mẹ́rin. Ọjọ́ kejì jẹ́ ti ìfaradà: ogún ìṣẹ́jú láìdúró, àmọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kí èèyàn ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn ọjọ́ kejì yìí, wọ́n ní ó ti rọ̀ jù. Òun gan-an lára nílò.

Ọ̀sẹ̀ 7: ẹ fi omi kún kẹ́ẹ̀gì sí i, tàbí kí ẹ yí ìtò padà. Ọ̀kan ni kí ẹ mú nínú méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ 8: ẹ dín iṣẹ́ kù sí ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹ wá fi aago wọn kálukú lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ lè pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, kí kẹ́ẹ̀gì kan máa bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ariwo ọjọ́ yẹn, àwọn ará àdúgbò á yọjú.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ àkókò sí. Bí ìyípo ìkẹyìn bá fi ìdá kan nínú márùn-ún pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bíi kí ẹni tó fi 100 ìṣẹ́jú àáyá bẹ̀rẹ̀ wá fi 120 parí, ìsinmi ò tó. Ẹ fi kún un, kí ẹ má fi kún iṣẹ́.

Ẹni tí irin ò bá gbà fún, kó rọ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa lọ. Ẹni tí ògiri ga jù fún, ẹ gbé àpótí tó dúró gbọin síbẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "frog jump" jẹ ẹnikẹ́ni níyà torí pé ó kùnà. Ìyà tí wọ́n fi jẹ wá ní ilé ìwé ti tó. Orúnkún tó ti rẹ̀ ò nílò rẹ̀, ọmọ tí ẹ bá sì fi eré jẹ níyà á kórìíra eré.

Agbábọ́ọ̀lù ní tiẹ̀, ẹ fi ìsáré ẹ̀gbẹ́ kún àárín ìdènà. Ẹni tó ń sáré gígùn, ẹrù fífúyẹ́, ìyípo púpọ̀. Oníjàkadì àti ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, irin àti okùn ni kí wọ́n gbájú mọ́.

Ìlera

Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó mú ohun tó ń fà sími dání, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹni tó ní àrùn fọ́nilápá-fọ́nilẹ́sẹ̀, ẹni tí àyà máa ń dùn, aláboyún, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ béèrè ìgbà tí kálukú gba abẹ́rẹ́ ipá kẹ́yìn, torí igi àti ìṣó la ń bá ṣeré.

Ooru ni ọ̀tá tí ojú kì í rí. Bí ẹnì kan bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ẹ má dúró dìgbà tó máa dákú. Ẹ gbé e síbòòji, ẹ dín aṣọ ara rẹ̀ kù, ẹ da omi tútù lé gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹnì kan sì ti máa wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Fún ẹni tó kàn làágùn púpọ̀, omi iyọ̀ àti ṣúgà dáa: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò kún ju etí lọ, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀ náà.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yí, ẹ wá yìnyín, ẹ fi aṣọ ìnura wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹsẹ̀ wà lókè. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ti máa ń yá láti mú róòbù kí a sì máa wọ́ ọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ṣe ni ìfọwọ́ra àti ìpara gbígbóná máa ń mú un wú sí i. Bí ẹni náà ò bá lè tẹ ilẹ̀ rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ ya fọ́tò egungun kí ẹnikẹ́ni tó fà á.

Ìtọ́jú pápá

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tàbí ọjọ́ tí ẹ bá yàn, kí ẹnì kan mú spánà yí gbogbo bótì wò, kó fi ẹsẹ̀ ti òpó kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọ̀bẹ gún ìdí òpó níbi tó ti wọ ilẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìjà, ikán ti ń jẹun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tú okùn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí fọ́nrán rẹ̀ bá ti já, ẹ gé okùn náà, ẹ má so ó pọ̀. Ẹ fi ọkọ́ tú yanrìn kó rọ̀. Lẹ́yìn òjò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irin tàbí pákó tóóró títí wọn á fi gbẹ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìrákò, táyà àti kẹ́ẹ̀gì ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ẹrẹ̀ ń mú ìrákò dùn sí i.